Ta Ni Ó Ni Ewé, Ta Ni Ó Ni Ọfọ̀? Yunifásítì Ìjọba àti Ohun-Ìní Làákàyè

Nígbà tí ẹ̀ka wa pinnu pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ọdún yìí kò ní wáyé nínú gbọ̀ngàn Yunifásítì, pé inú ìlú ni a ó gbé e wá, èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ó jẹ́ Ìrolú. Ìdí rẹ̀ yóò hàn sí yín kí n tó jókòó.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ òfin àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ fún àwọn lọ́yà àti àwọn oníkẹ́místírì. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé púpọ̀ nínú ohun tí àwọn oníkẹ́místírì wa ń gbé wọ inú yàrá àyẹ̀wò, inú ewì ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá a, bí wọ́n tilẹ̀ ti gbàgbé bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó sún mọ́ wa.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú yìí, ìyá mi ń ta ọ̀lẹ̀lẹ̀, iṣẹ́ àwa ọmọ sì ni láti wá ewé tí ó fi ń pọ́n ọn. Ewé eéran ni. Ó fẹ́ràn ibòji, nítorí náà abẹ́ igi nínú oko gbànja ni a ti ń rí i. Ní ìdí rẹ̀ nílẹ̀, èso pupa onígun mẹ́ta kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú erùpẹ̀. Bí a bá là á, a ó bá kóró dúdú níbẹ̀ tí nǹkan rírọ̀ kan lẹ̀ mọ́ lára. Ohun rírọ̀ yìí ni àwa ọmọdé ń lá. Adùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lẹ́nu. Bí a bá mu omi lé e, omi náà a dà bí oyin. Kò sí ọmọ Rẹ́mọ tí a tọ́ ní oko tí kò mọ èyí.

Ní 1855, oníṣègùn ará Bìrìtìkó kan, W. F. Daniell, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní etíkun ilẹ̀ wa, kọ nípa èso yìí sínú ìwé àwọn apòògùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ewé náà di òní olónìí: Thaumatococcus daniellii. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ni ní oríkì mọ ohun tí orúkọ ń ṣe. Ẹni tí ó bá fún nǹkan lórúkọ ti fi ọwọ́ kan lé e.

Ní 1972, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Hollandi yọ ohun tí ó ń fún èso náà ní adùn, wọ́n sì pè é ní thaumatin. Ó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000. Ilé-iṣẹ́ Tate & Lyle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní orúkọ Talin; èso tí wọ́n rà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ń lò. Àwọn ènìyàn wa náà kò sùn: ní 1977, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Ifẹ̀ àti onímọ̀ kan láti Tate & Lyle jọ tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí adùn yìí. Ṣùgbọ́n ní 1982, àwọn onímọ̀ ní Hollandi tún ṣe nǹkan mìíràn. Wọ́n mú àbùdá tí ó ń pilẹ̀ adùn náà nínú ewé, wọ́n gbìn ín sínú kòkòrò tíntìntín inú ìgò, kòkòrò náà sì ń pèsè rẹ̀. Ẹ rí i pé láti ọjọ́ náà, ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ṣe adùn inú oko gbànja láì mọ ọ̀nà oko.

Ẹ má ṣe gbọ́ ọ bí ẹni pé mo ní wọ́n jalè. N kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti rú òfin. Ohun tí ó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ olè ni, a ó ké, a ó sì lé e. Ṣùgbọ́n òfin fúnra rẹ̀ ni kò ní àga kankan tí ìyá mi lè jókòó lé.

Kí ni òfin wa wí? Òfin pátẹ́ǹtì tí a ń lò ní Nàìjíríà, ti 1970 ni. Ó fún ẹni tí ó bá ṣe ohun tuntun ní ẹ̀tọ́ ogún ọdún, tí ẹlòmíràn kò ní lè ṣe é tà láì gba àṣẹ rẹ̀. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ta ni òfin náà fún ní ẹ̀tọ́ yìí? Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó ìwé lọ sí ọ́fíìsì ni, ìbá à jẹ́ òun ni ó ṣe nǹkan náà ní tòótọ́ tàbí òun kọ́. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Lóòótọ́, wọ́n ní ẹni tí ó ṣe é gan-an ní ẹ̀tọ́ kí a dárúkọ rẹ̀, ó sì lè gba ilé-ẹjọ́ lọ bí wọ́n bá jí i gbé. Ìyá wo ní Ìrolú ni yóò gba ilé-ẹjọ́ gíga lọ?

Òfin kan náà sọ pé ohun tí ayé bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, yálà nínú ìwé, nípa lílò, tàbí nípa ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kò tún lè jẹ́ ohun tuntun. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe wí i: ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí mo rí èyí, inú mi dùn, nítorí pé ó jọ pé lítíréṣọ̀ alohùn ti wọ inú òfin. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Òfin tún ní ìjọba kò ní yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan náà jẹ́ tuntun tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́; ẹni tí a fún ní pátẹ́ǹtì ni yóò ru ewu rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn baba wa jẹ́ ẹlẹ́rìí tí a kò pè rí.

Àwọn baba wa kò ṣe aláìmọ̀ pé ìmọ̀ ní olówó. Awo ni wọ́n ń pè é. Alágbẹ̀dẹ, onífá, oníṣègùn, aláró, gbogbo wọn ni ó ní ohun tí wọn kì í sọ fún ará ìta. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n yóò wá kọ́ṣẹ́, yóò lo ọdún, yóò san nǹkan, wọn yóò sì gba ìlérí lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin àgbẹ̀ obì tí ẹ wà níbí mọ̀ pé àwọn òyìnbó pàápàá kò kọ awo sílẹ̀. Ní 1886, apòògùn kan ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà po ohun mímu kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Coca-Cola. Kí ni Cola inú orúkọ yẹn bí kò ṣe obì? Títí di òní, wọn kò gba pátẹ́ǹtì lé ohun tí wọ́n fi ń po adùn rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá gba pátẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ kọ gbogbo àṣírí rẹ̀ sílẹ̀, bí ọdún bá sì pé, nǹkan náà di ti gbogbo ayé. Wọ́n pa á mọ́ bí awo, ó sì ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Obì tí ó fún un lórúkọ ńkọ́? Inú apẹ̀rẹ̀ ní Ṣàgámù ni a ti ń ta tiwa.

Ṣùgbọ́n awo ní àbùkù kan tí a kò gbọdọ̀ fi pa mọ́. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá kú láì rí ọmọ tí yóò kọ́ ọ, ó ti tán. Yunifásítì ni ó wá sọ pé òun yóò gbà wá lọ́wọ́ èyí, pé òun yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òfin àwa tí a wà ní Yunifásítì ni pé kí a tẹ ohun gbogbo jáde. Olùkọ́ tí kò bá tẹ ìwé jáde, wọn kò ní gbé e ga. Ẹ wo orín àtà. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n, a sì ti fi rin ẹnu rí. Ní 1971, Sofowora àti Isaacs ní Yunifásítì Ifẹ̀ kọ̀wé jáde ní Amẹ́ríkà pé omi gbòǹgbò igi yìí a máa dá ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde padà sí ìrísí tí ó yẹ kó ní. Iṣẹ́ ńlá ni. Ayé gbọ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ níbòmíràn sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ilẹ̀ ayé, ọjọ́ tí ìwé bá jáde ni ilẹ̀kùn pátẹ́ǹtì tì. Kò sí ọ́fíìsì kan ní Yunifásítì wa kankan ní ìgbà náà tí ìbá sọ fún wọn pé, 'Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kó ìwé lọ.'

Kì í ṣe àwa nìkan ni ojú ti là lẹ́yìn tí ọjà ti tú. Àwọn ará Oxford tí wọ́n ṣe iṣẹ́ lórí oògùn pẹnisílínì nígbà ogun Hitler kò gba ẹ̀tọ́ kankan lé e. Amẹ́ríkà ni ó gba pátẹ́ǹtì lé ọ̀nà tí a fi ń ṣe é púpọ̀. Ní Yunifásítì Florida, ní 1965, Robert Cade po omi mímu kan fún àwọn agbábọ́ọ̀lù tí òógùn ń mú, Gatorade ni. Nígbà tí owó dé, ọ̀rọ̀ di ẹjọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1972 kí Yunifásítì tó rí ìdá kan nínú márùn-ún. Nígbà tí ó di 1980 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin Bayh-Dole, tí ó jẹ́ kí Yunifásítì lè ni ohun tí a fi owó ìjọba wádìí.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìjọba ológun dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní 1979 láti máa yẹ ìwé àdéhùn tí a ń bá àwọn àjèjì ṣe lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ wò, kí wọ́n má baà máa gba owó tí kò yẹ lọ́wọ́ wa. Ní 1992, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. NOTAP ni a ń pè é báyìí. Láti 2006 ni NOTAP ti ń dá ọ́fíìsì ohun-ìní làákàyè sílẹ̀ nínú àwọn Yunifásítì. Mo ti wọ díẹ̀ nínú àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyí. Mo rí tábìlì, mo rí pátákó orúkọ. N kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí a ti ṣe é dáadáa wà, kò sì jìnnà. Ní Yunifásítì ètò ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí adìyẹ ìbílẹ̀ wa títí wọ́n fi bí irú kan tí ó tètè ń dàgbà. FUNAAB Alpha ni orúkọ rẹ̀, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 2018. Òfin pátẹ́ǹtì kò gba irú ẹran tàbí irú ohun ọ̀gbìn. Orúkọ náà gan-an, àti ìyá-adìyẹ tí ó wà lọ́wọ́ Yunifásítì, ni ohun-ìní wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Niprisan, nítorí pé òun ni mo fi ń tu ara mi nínú, òun náà ni ó sì ń bà mí lẹ́rù. Ẹbí Ògúnyalé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àgbo kan fún fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀: ìyèré, igi osùn, kànáfùrù, ewé ọkà bàbà. Alùfáà P. O. Ògúnyalé gbé e lọ bá ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ń darí. Àwọn wọ̀nyí kò kàn gba àgbo lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n sì máa lọ. Wọ́n bá ẹbí náà ṣe àdéhùn, wọ́n yẹ oògùn náà wò lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì gba pátẹ́ǹtì ní Amẹ́ríkà ní 1998. Bí mo bá ń sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ó ṣeé ṣe, a sì ti ṣe é rí.

Lẹ́yìn náà ńkọ́? Wọ́n gbé iṣẹ́ ṣíṣe oògùn náà fún ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà. Ní 2003, ìjọba Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn oògùn àrùn tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní 2006, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ṣí i fún títà ní Àbújá ní orúkọ Nicosan. Ní 2008, Xechem wọ gbèsè, ó sì ṣubú. Ìyá tí ó ti ń ra oògùn náà fún ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé oògùn, kò bá a. Ogún ọdún pátẹ́ǹtì náà kò sì dúró de ẹnikẹ́ni; ó ti parí báyìí. Àdéhùn ibi tí a ti gbà á dára. Àdéhùn ibi tí a gbé e lọ ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé-ìwé wo ni ó ń kọ́ ènìyàn láti kọ irú ìwé àdéhùn kejì yìí? Díẹ̀ ni.

Mo ti ní n ó sọ ohun tí ó kan lítíréṣọ̀. Ẹni tí ó bá ti ka iṣẹ́ Pierre Verger lórí ewé, tí ó jáde ní 1995, yóò rí i pé nínú ọfọ̀ wa, orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí a rán ewé náà máa ń ní ohùn kan náà. Ọfọ̀ ni ó ń rán oníṣègùn létí ewé tí ó yẹ, àti ohun tí yóò ṣe. Ewì ni, ìwé oògùn náà sì ni. Nígbà tí oníkẹ́místírì bá gbé ewé lọ tí ó sì pa ọfọ̀ tì, ó ti ya ìwé ẹ̀rí oníǹkan kúrò lára nǹkan náà. Pátẹ́ǹtì rí ewé, kò rí ọfọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ aládàákọ ní tirẹ̀ fẹ́ kí a ti gbé iṣẹ́ sórí nǹkan, sórí ìwé tàbí kásẹ́ẹ̀tì, kí ó tó mọ ẹni tí ó ni ín. Nítorí náà ẹni tí ó di kásẹ́ẹ̀tì mú ni òfin rí, kì í ṣe ẹni tí ó la ẹnu. Lóòótọ́, òfin 1988, tí a lò títí òfin 2022 fi rọ́pò rẹ̀, fi ààbò díẹ̀ bo àṣà ìbílẹ̀: ẹni tí yóò fi í ṣòwò ní láti gba àṣẹ, ẹni tí ó bá sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní láti dárúkọ ìlú tí ó ti gbà á. Àṣẹ náà ńkọ́? Àjọ ìjọba ní Àbújá ni òfin náà ní kí ó fún un, kì í ṣe ìlú.

Ní 1996, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi, mo wá sí Ìrolú pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan. Yèyé kan wà ní àdúgbò wa tí ó ń wo ọmọdé. Ọ̀sán mẹ́rin ni ó fi dá mi lóhùn. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ni. Mo fún un ní aṣọ kan àti iṣu, ó sì wúre fún mi. Mo kọ ọfọ̀ rẹ̀ sínú iṣẹ́ mi, mo túmọ̀ rẹ̀, mo fi lẹ́tà méjì péré dúró fún orúkọ rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe. Oyè náà ni ó sọ mí di ohun tí ẹ pè mí níbí lónìí.

Ọdún bíi mẹ́wàá lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan dé láti òkè òkun. Ẹni tí ó kọ ọ́ ní òun ka ìwé mi, pé yàrá àyẹ̀wò tí òun ti ń ṣiṣẹ́ fẹ́ mọ ewé tí a dárúkọ ní ìlà kan báyìí. Inú mi dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn pé wọ́n ka ìwé rẹ̀ lókè òkun? Mo ya fọ́tò ewé náà, mo kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó ń hù sí, mo sì fi ránṣẹ́. N kò gbọ́ ohunkóhun mọ́. Bóyá wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Bóyá wọ́n rí i. N kò ní dárúkọ ewé náà ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Mo ti dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan jù.

Yèyé ti lọ ní ìgbà náà. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí fún àkọ́bí rẹ̀, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, 'Ọmọ Ìyá Ọlọ́lẹ̀lẹ̀, kí ni Yèyé rí gbà níbẹ̀?' N kò rí èsì fún un. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wọ inú ìgbìmọ̀ ohun-ìní làákàyè ní Yunifásítì, òun náà ni mo sì gbé wá síbí.

Àwọn kan ti dáhùn rẹ̀ níbòmíràn. Ní Gúúsù Áfíríkà, ilé ìwádìí ìjọba gba pátẹ́ǹtì lé igi hoodia tí àwọn ará San fi ń pa ebi lójú ọdẹ, láì bi wọ́n. Nígbà tí ariwo ta, wọ́n jókòó, wọ́n sì ṣe àdéhùn ní 2003 pé ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀tọ́ tí ilé ìwádìí náà bá gbà yóò jẹ́ ti àwọn San. Ní oṣù karùn-ún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Geneva lórí àdéhùn kan pé ẹni tí ó bá ń béèrè fún pátẹ́ǹtì lórí ewé tàbí ìmọ̀ ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó ti rí i. Ó dára, ṣùgbọ́n sísọ ibi tí a ti rí nǹkan kì í ṣe sísan owó rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ Yunifásítì wa fún kò pọ̀. Kí a má ṣe gba iṣẹ́ oyè kankan wọlé tí ó lo ìmọ̀ àwọn àgbà láì sí ìwé àdéhùn, ní èdè tí àgbà náà gbọ́, nínú èyí tí orúkọ rẹ̀ pé, bí òun bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ọ́fíìsì ohun-ìní làákàyè ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́, kí a sì yọ ohun tí kò yẹ kí ará ìta kà. Bí a bá sì rí owó, kí ìpín ìlú ti wà nínú ìwé kí owó tó dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní èyí yóò dá iṣẹ́ dúró. Yóò dá a dúró díẹ̀. Iṣẹ́ tèmi yá ní 1996, ẹ sì ti gbọ́ ibi tí ó yá dé.

Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nínú àpótí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí. Mo ti bá àwọn ọmọ Yèyé sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà kí a gbọ́ ibi tí ó ti ń kí àwọn ará ilé rẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ nìkan, kí n tó gbé àpótí náà lé wọn lọ́wọ́. Bí Alága bá yọ̀ǹda, kí ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́.